Ta Ló Ni Nọ́ńbà Kìíní?

Bí ẹ bá dé ilé-iṣẹ́ àwọn awọnlẹ̀ yẹn, tí ẹ rí àgbàlagbà kan tó há àpò awọ kékeré mọ́ abíyá, tó ń yan ní kọ́rídọ̀ bí ẹni pé òun ló kọ́ ilé náà, tí kì í kí ẹnikẹ́ni àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ kí i, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó jẹ́. Bàbá Wáyà ni. Sukudiráfà kan, tọ́ọ̀ṣì kan àti ìdajì búrẹ́dì ló wà nínú àpò náà. Wáyà kékeré kan tún wà níbẹ̀ tí kò fi ṣe nǹkan kan rí, àmọ́ ó máa ń rí i dájú pé orí rẹ̀ yọ síta díẹ̀, kí àlejò tó bá ń kọjá lè mọ̀ pé ọ̀mọ̀ràn ló ń lọ yẹn.

Iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ni wọ́n gbà á fún. Ó ń gbé lẹ́tà kiri, ó ń lọ ra búrẹ́dì fún Ọ̀gá Àgbà, òun ló sì ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ so àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀ pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n pe oníṣẹ́ kan láti ìta, wọ́n sì ní kí mẹ́sẹ́ńjà bá a di àkàbà mú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi di àkàbà mú. Ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ ni oníṣẹ́ náà, kò lè ṣiṣẹ́ kó dákẹ́. Bó ṣe ń fa wáyà gba òkè àjà ló ń ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ sísàlẹ̀: èyí ń lọ síbí, nọ́ńbà báyìí ni mo fún tọ̀hún, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ìyẹn. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ó kó lọ sí ìlú tó jìnnà, kò sì fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí nǹkan kọ́kọ́ bàjẹ́, Ọ̀gá Àgbà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ibi tí wáyà gbà. Mẹ́sẹ́ńjà nàwọ́. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbé lẹ́tà mọ́.

Ohun tó mọ̀ náà kò ju báyìí lọ. Láwọn ọ́fíìsì òde òní, tí ẹ bá ti ki wáyà bọ kọ̀ǹpútà, àpótí kan wà tó máa fún un ní nọ́ńbà fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwọn ti gbó, kò mọ irú ìyẹn. Èèyàn gbọ́dọ̀ jókòó ti kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, kó wá ibi tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà gígùn kan báyìí ni, ìparí rẹ̀ nìkan ló ń yàtọ̀, ìparí yẹn ni wọ́n sì fi ń pe kálukú: ti lágbájá ni mẹ́ta, ti tàmẹ̀dù ni márùn-ún. Kọ̀ǹpútà méjì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan náà, bí ilé méjì kò ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan náà ládùúgbò, torí ẹni tó ń mú lẹ́tà bọ̀ kò ní mọ èyí tó máa wọ̀.

Àṣírí kan ló kù. Gbogbo àwòrán ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà ti ń yà bọ̀ láti ọdún gbọọrọ wá, inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ni wọ́n wà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó bébà sí, lẹ́yìn àwọn páálí. Bàbá Wáyà nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Ìyá Àgbà ló ń pe kọ̀ǹpútà yìí nínú ọkàn rẹ̀. Nọ́ńbà kìíní ni Ìyá Àgbà ń jẹ́, nọ́ńbà yẹn sì ni gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù máa ń wá lọ tí wọ́n bá fẹ́ ṣí àwòrán. Àwọn òṣìṣẹ́ kò mọ̀ pé ó wà. Wọ́n rò pé inú wáyà ni àwòrán ń gbé, Bàbá Wáyà kò sì rí ìdí tó fi yẹ kóun tọ́ wọn sọ́nà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọ̀gá Àgbà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló dé tí kọ̀ǹpútà òun fi jẹ́ nọ́ńbà kejì. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí oníṣẹ́ ìjọsí ṣe ń bá ilẹ̀kùn pàdé ló ṣe ń pín nọ́ńbà. Ó ti ibi kọ́bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀, yàrá ọ̀gá ló sì tẹ̀ lé e. Bàbá Wáyà ìbá sọ bẹ́ẹ̀, kò ní ná an ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ọ̀gá, ó rí i pé ojú náà ti ń fà ro.

"Ipò ni wọ́n ń wò, sà," ó dá a lóhùn. "Kò sí ẹni tó ju yín lọ níbí."

"Ta ló wá ni ọ̀kan?"

Bàbá Wáyà wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ọlọ́run ni, sà. A fi í sílẹ̀ fún Un."

Ọ̀gá Àgbà, tó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ rẹ̀, ṣí fìlà lórí. Títí tó fi fẹ̀yìn tì ló ń sọ ìtàn náà fún gbogbo àlejò tó bá wọlé, tí yóò máa nàka sí Bàbá Wáyà pé òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rù Ọlọ́run ló ń bá òun tọ́jú wáyà.

Bí nọ́ńbà ṣe di oyè nìyẹn. Akọ̀wé ní òun kò ní gbà ju mẹ́ta lọ, wọ́n sì fún un ní mẹ́ta. Bàbá Wáyà gé bébà pélébé-pélébé, ó fi báírò pupa kọ nọ́ńbà kálukú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú kọ̀ǹpútà wọn kí ojú gbogbo ayé lè rí i. Awọnlẹ̀ tó bá ń ra ohun mímu tútù fún un, wọn á gbé e sókè. Ẹni tó bá ṣe é bákan, wọn á rọ̀ ọ́ sísàlẹ̀. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ya àwòrán ilẹ̀, Àǹtí Ayàwòrán ni gbogbo wọn ń pè é, kò sì sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó tirẹ̀ nínú gbogbo wọn. Ó ṣi ẹnu sọ lọ́jọ́ kan pé kí Bàbá yára díẹ̀, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Nígbà tí yóò fi dé lọ́jọ́ kejì, mẹ́rin rẹ̀ ti di mọ́kànlá, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà kò pé mẹ́wàá ní gbogbo ọ́fíìsì náà. Ó fi í rẹ́rìn-ín lójú àwọn èèyàn, ó lọ sunkún nínú ilé ìyàgbẹ́. Obìnrin tó kàwé jáde nílé ìwé gíga, nítorí bébà pélébé.

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kéèyàn so kọ̀ǹpútà kan mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà. Odindi ọjọ́ kan ni Bàbá Wáyà fi ń ṣe é. Yóò ní kí gbogbo èèyàn jáde nínú yàrá. Yóò tilẹ̀kùn. Yóò wọ abẹ́ tábìlì, yóò máa lu ògiri gbà-gbà-gbà kí àwọn tó wà níta lè gbọ́, yóò jẹ ìdajì búrẹ́dì rẹ̀, yóò sì sùn díẹ̀. Bó bá yá, yóò jáde pẹ̀lú eruku lórí, yóò mí kanlẹ̀, yóò ní "Ó fẹ́ẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, àmọ́ mo mú un," àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa kí i kú iṣẹ́ takuntakun.

Ilé nìkan ni wọn kò ti mọ̀ ọ́n ní ọ̀mọ̀ràn. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, pálọ̀ ilé wọn ló ti ń rán an. Bí wáyà áyọ́ọ̀nù bá já, òun náà ló ń tú u, tó ń so ó. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló máa ń kún orí àga láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, aṣọ tí wọ́n gé sílẹ̀ ló sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá àwọn ọmọ," ó sọ fún un lọ́jọ́ Àìkú kan, láìgbójú kúrò lára máṣíìnì, "ọjọ́ tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé, ẹ tètè wí fún mi o, kí n lè wá ibi tí màá gbé yín sí." Ó ń ṣàwàdà ni. Àwàdà náà wọ ọkọ rẹ̀ lára dé egungun, torí ó ti wo ilé náà yíká, kò sì rí ibi tí wọ́n lè gbé òun sí lóòótọ́.

Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Lẹ́tà ọlọ́dọọdún kan ló fi ń wà lẹ́nu iṣẹ́: tí ọdún bá ti yí, Ọ̀gá Àgbà á buwọ́ lù ú pé kí ó tún máa bá wọn ṣe é lọ fún ọdún kan sí i. Nígbà tí Ọ̀gá Àgbà fẹ̀yìn tì, ọmọ àbúrò rẹ̀ ló gba ipò, ọmọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó máa ń ta lọ́fínńdà tí yóò fi dúró sínú yàrá lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ bá ti jáde. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló gbé wá. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó ní kí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, Bàbá Wáyà sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sọ pé òun ń yẹ wáyà wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ọ̀gá Tuntun pè é wọlé.

"Bàbá, àwọn àlejò mi ń bọ̀ ní aago mọ́kànlá. Àwọn tó fẹ́ gbé ilẹ̀ etí odò yẹn fún wa wọ̀n ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bá kọ̀ǹpútà mi níbí kó dá dúró bí opó. Ẹ so ó pọ̀ nísinsìnyí." Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bébà kan lórí tábìlì. "Lẹ́tà yín rèé. Tí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa lónìí, màá fọwọ́ sí i. Tí ò bá lọ dáadáa, ẹ máa lọ sinmi nílé."

Bàbá Wáyà gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀. Ó ṣì gbìyànjú àṣà rẹ̀ àtijọ́. "Ó dáa, sà. Tẹ́ ẹ bá lè jáde fún mi díẹ̀, sà."

"Mi ò lọ síbì kankan. Níwájú mi lẹ máa ti ṣe é."

Kò tíì sí ẹni tó wo ọwọ́ Bàbá Wáyà rí. Ó wọ abẹ́ tábìlì, orúnkún rẹ̀ ké, ó ki wáyà bọ inú kọ̀ǹpútà, iná kékeré kan tàn lẹ́yìn rẹ̀ láwọ̀ ewé. Ó jáde, ó jókòó, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo wá ibi tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí, ó sì tẹ méje síparí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ojú sì tì í pé kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Kí ni méje yẹn?" Ọ̀gá Tuntun bi í.

Akọ̀wé ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, torí kò sí ohun tí í kọjá létí rẹ̀. "Nọ́ńbà máa ń tẹ̀ lé ipò níbí, sà. Ọ̀gá Àgbà ló wà ní méjì. Èmi ni mẹ́ta."

"Ìwọ wà ní mẹ́ta, èmi wá wà ní méje?"

"Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Àgbà ṣì ń jẹ́ méjì, sà, méje ló ṣí sílẹ̀," ni Bàbá Wáyà wí.

"Ta ló wà ní ọ̀kan?"

Bàbá Wáyà wo Akọ̀wé pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ lójú. Akọ̀wé kò tilẹ̀ rí i, ó ti tẹ orí ba. "Ọlọ́run ni, sà," ni ó wí. "Bàbá ló ṣàlàyé ẹ̀ fún Ọ̀gá Àgbà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n."

Ọ̀gá Tuntun wo àwọn méjèèjì. "Ọlọ́run ń ya àwòrán ilẹ̀ níbí ni? Bàbá, ẹ fún mi ní ọ̀kan. Tí Ọlọ́run bá béèrè ẹ̀, ẹ ní ọwọ́ mi ló wà."

Gbólóhùn kan péré ni ìbá gba Bàbá Wáyà sílẹ̀ níbẹ̀: Sà, kọ̀ǹpútà kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń jẹ́ ọ̀kan. Kò le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó la ẹnu. Ó rí Akọ̀wé tó tẹrí ba síbẹ̀ bí ẹni wà nínú àdúrà, ó rí lẹ́tà lábẹ́ ọwọ́ ọ̀gá, ó ronú kan irọ́ ọdún gbọọrọ tí yóò wú jáde nínú gbólóhùn yẹn, ó sì pa ẹnu dé. Ó pa méje rẹ́, ó tẹ ọ̀kan.

Kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó kọ ọ́ síta gàdàgbà pé ẹlòmíì ti ń jẹ́ nọ́ńbà náà.

"Ta ni ẹlòmíì yẹn?" Ọ̀gá Tuntun ní.

"Wáyà ló ń ṣe wèrè, sà. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú méjì."

Ó sáré lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì pa Ìyá Àgbà. Ohun tó rò kò burú. Tí ọ̀gá bá jáde lọ pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà ní mọ́kànlá, òun yóò yọ́ wọlé, yóò dá nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà padà sí méje, yóò fi bébà ọ̀kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀, yóò jí Ìyá Àgbà, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ á kàn rò pé wáyà sinmi. Ó padà, ó tẹ ọ̀kan, kọ̀ǹpútà gbà á, ó kọ bébà rẹ̀ pẹ̀lú báírò pupa, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ọ̀gá Tuntun fi ìka nu eruku tí kò sí lára bébà náà, inú rẹ̀ dùn.

Àwọn àlejò kò dúró de aago mọ́kànlá. Mẹ́wàá kò tíì lù dáadáa tí ọkùnrin méjì àti obìnrin kan fi wọlé, tí Ọ̀gá Tuntun dìde lórí àga rẹ̀, tó gbà wọ́n lálejò nínú yàrá rẹ̀ náà, tó sì jókòó padà síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní kí Akọ̀wé sọ fún àwọn tó wà ní yàrá àwòrán pé tó bá di ogún ìṣẹ́jú sí i, òun á kó wọn wá síbẹ̀ wá wo àwòrán ìdánwò tí wọ́n yà fún ilẹ̀ etí odò lójú kọ̀ǹpútà.

Ariwo ti sọ ní yàrá àwòrán nígbà náà.

"Iṣẹ́ mi dà?"

"Tèmi náà ò ṣí o!"

"Bàbá Wáyà! Ẹ bá wa pe Bàbá Wáyà!"

Bàbá Wáyà ti wà níwájú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó tan Ìyá Àgbà, ó dúró tì í títí tó fi jí, bẹ́ẹ̀ ìjíǹde rẹ̀ kì í yá. Nígbà tó jí, ó rí i pé ẹlòmíì ti wà lórí nọ́ńbà òun, ó sì kọ̀ láti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Gbogbo kọ̀ǹpútà yàrá àwòrán ń kan ilẹ̀kùn nọ́ńbà kìíní, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Tuntun ni wọ́n sì ń kàn án, níbi tí kò ti sí àwòrán ilẹ̀ kankan àyàfi fọ́tò ọkọ̀ rẹ̀.

Bàbá Wáyà lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìṣẹ́jú kan péré nídìí kọ̀ǹpútà yín."

"Bàbá, a wà nínú ìpàdé."

"Ìṣẹ́jú kan, sà."

Ọ̀gá Tuntun kò gbé ohùn sókè. Ó kàn mú lẹ́tà lórí tábìlì, ó ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi sínú dúrọ́ọ̀. Bàbá Wáyà kí àwọn àlejò, ó fẹ̀yìn rìn jáde.

Ó dúró sí kọ́rídọ̀. Ó mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, kò sì rúni lójú: kí wọ́n fún Ìyá Àgbà ní nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò ní, ká ní ogún, kí wọ́n sì lọ sídìí kọ̀ǹpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní yàrá àwòrán, kí wọ́n sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ogún ni kó máa wá lọ. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú awò ojú rẹ̀ àti ìka rẹ̀ kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà á. Mẹ́fà jẹ́ wákàtí kan. Àwọn àlejò kò ní pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mọ́ kí wọ́n tó jáde. Bí kò bá fẹ́ lọ sílé, kálukú gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀, òun sì ni yóò kọ́ wọn. Tó bá sì kọ́ wọn, kí ló kù tí wọ́n tún máa torí ẹ̀ pè é? Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tí kò bà á rí nínú gbogbo ìgbà tó fi ń purọ́. Ó rí pálọ̀ ilé rẹ̀, ó rí àwọn oníbàárà ìyàwó rẹ̀ lórí gbogbo àga, ó rí ara rẹ̀ lórí ìdúró láti àárọ̀ dalẹ́.

Àǹtí Ayàwòrán ló yọ sí i ní kọ́rídọ̀. "Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀ o. Bí àwọn èèyàn yẹn bá wọlé tí wọn ò rí nǹkan kan, gbogbo wa la máa gbọ́ ọ. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"

Bàbá Wáyà wò ó. Obìnrin tó sọ di mọ́kànlá ni.

"Tẹ̀ lé mi," ó wí.

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù lójú gbogbo wọn. Ó wọ́ àwọn páálí sẹ́yìn, ó fi ìka rẹ̀ kan ṣoṣo tẹ ogún sínú Ìyá Àgbà, lẹ́yìn náà ló wá dúró sí àárín yàrá àwòrán bí olùkọ́ tó dé kíláàsì láìmú bébà dání. "Kí kálukú jókòó sídìí tiẹ̀. Ẹ lọ síbi tí ẹ ti máa ń ṣí àwòrán. Ṣé ẹ rí nọ́ńbà gígùn tó wà lókè? Ẹ pa ọ̀kan tó wà níparí ẹ̀ rẹ́. Ẹ tẹ ogún síbẹ̀." "Ẹ tẹ ẹńtà."

Àǹtí Ayàwòrán ti parí tirẹ̀ kó tó sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ó dìde, ó ṣe ti ẹni tó jókòó tì í. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ gbà. Àwòrán ilẹ̀ etí odò ṣí lójú kọ̀ǹpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, odò rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́ láwọ̀ búlúù.

Ọ̀kan nínú àwọn awọnlẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti ra ohun mímu tútù fún Bàbá Wáyà láìmọye ìgbà nítorí kó lè kúrò ní mẹ́fà bọ́ sí márùn-ún, gbé orí sókè.

"Bàbá, ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn?"

"Gbogbo ẹ̀ nìyẹn."

"Gbogbo ọjọ́ tí ẹ fi ń tilẹ̀kùn mọ́rí ńkọ́?"

Akọ̀wé ti dé, ó ń yọjú wo inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó rí kọ̀ǹpútà gbígbó tí eruku bò, tó ń kùn hùn-ùn-ùn. "Kí wá ni èyí?" Wọ́n sọ fún un pé kọ̀ǹpútà yìí ló ni nọ́ńbà kìíní látọjọ́ yìí wá. Akọ̀wé, tó ti ń tẹrí ba fún nọ́ńbà náà láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ní "Háà!" Ẹ̀rín bú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú àwọn kan nínú wọn, ẹni tó ń ra ohun mímu tútù ló sì rẹ́rìn-ín jù.

Àǹtí Ayàwòrán nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Mọ́kànlá mi yẹn ńkọ́, Bàbá?"

"Kò túmọ̀ sí nǹkan kan," ni Bàbá Wáyà dá a lóhùn. "Kò túmọ̀ sí nǹkan kan rí."

"Mo mọ̀ báyìí," ni obìnrin náà wí. Ó ya bébà mọ́kànlá kúrò níwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó rún un, ó sì jókòó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, torí ilẹ̀kùn ọ̀gá ti ń ṣí.

Àwọn àlejò wọlé, wọ́n wo àwòrán, wọ́n béèrè kí wọ́n sún un súnmọ́, wọ́n sún un súnmọ́ fún wọn. Obìnrin àárín wọn ní ó wu òun bí nǹkan ṣe ń lọ geere níbẹ̀. Ọ̀gá Tuntun rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní gbogbo rẹ̀ so mọ́ra ni, òun fúnra òun sì ni nọ́ńbà kìíní nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn àlejò mi orí. Wọn kò mọ ohun tó ń sọ, ó jọ pé wọ́n rò pé ó yẹ kí àwọn mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún kọ̀ǹpútà ọ̀gá pé ogún ni kó máa wá lọ, nítorí náà kò lè ṣí àwòrán ẹyọ kan. Títí dòní ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀, torí kò tíì gbìyànjú láti ṣí ọ̀kan.

Ó fọwọ́ sí lẹ́tà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò kà á. Ọdún kan sí i. Bàbá Wáyà dúpẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó lè bí, ó sì gbé lẹ́tà náà lọ sílé fún ìyàwó rẹ̀ wò.

Ẹnikẹ́ni kò bínú sí i. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún. Ó ti múra sílẹ̀ fún ìbínú, ó tilẹ̀ ti ro ohun tó máa fi dá wọn lóhùn, àmọ́ ṣe ni wọ́n ń kí i ní àárọ̀, wọ́n ń béèrè ara ilé, wọ́n sì ń lọ sídìí iṣẹ́ wọn. Àwọn bébà pélébé kúrò níwájú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, àyàfi ti ọ̀gá. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kò ní kọ́kọ́rọ́ mọ́, ẹnì kan ti nu eruku ara Ìyá Àgbà. Ó ń yan ní kọ́rídọ̀ síbẹ̀, ó ń há àpò mọ́ abíyá, ó sì ń dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá àwòrán láti béèrè bóyá nǹkan kan ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n ní rárá, Bàbá, ẹ ṣé.

Ilẹ̀ etí odò bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n gba awọnlẹ̀ kan kún ara wọn, wọ́n sì ra kọ̀ǹpútà fún un. Bàbá Wáyà gbọ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú pé yóò dé. Kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó jí ní kùtù, ó nu sukudiráfà rẹ̀, ó kúrò nílé ṣáájú àsìkò, ó sì wọ ọ́fíìsì nígbà tí aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kọ̀ǹpútà tuntun ti wà lórí tábìlì. Páálí rẹ̀ wà nílẹ̀. Àǹtí Ayàwòrán ló jókòó sídìí rẹ̀, ó sì dìde díẹ̀ lórí àga bó ṣe rí i, torí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Méje ló ṣí sílẹ̀, ṣé kí n lò ó?"

Bàbá Wáyà gbé àpò rẹ̀ sí ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú kọ̀ǹpútà náà dáadáa gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní ohun tó fẹ́ rò. Àwòrán ilẹ̀ ti wà níbẹ̀, ó ti ṣí.

"Lò ó," ó wí.